Ojú Kan Lóòjọ́

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Dansoman, nílùú Accra, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá láàárọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn fún ọjọ́ mélòó kan. Mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ nípa àwọn nǹkan ńlá tí a ní lọ́kàn láti ṣe, tí a kò tíì ṣe, tó jẹ́ pé bí a bá ti gbójú sókè wò wọ́n, ọwọ́ wa á rọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ìyá kan wà tí wọ́n ń ránṣọ lẹ́bàá títì, lójú ọ̀nà tí mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Kíóósìkì onípákó ni: ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tábìlì ìgéṣọ kan, áyọ́ọ̀nù eléèédú kan. Ìyá Aránṣọ la máa ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ṣòkòtò lọ kí wọ́n bá mi gé e kúrú. Bí mo ṣe jókòó, mo rí káàdì kan tí wọ́n fi ìṣó kọ́ sára ògiri. Páálí ni, etí rẹ̀ ti ń ṣá, wọ́n sì fi ìlà pín in sí ojú kéékèèké bíi ojú ọpọ́n ayò. Wọ́n ti fi báírò sàmì sí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ojú náà.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Kí lẹ kọ́ sára ògiri yìí?"

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo káàdì náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ilé ni, ọmọ mi."

Kí n tó béèrè bí páálí ṣe di ilé, alájọ súsú ti yọjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé báàgì kọ́ èjìká ni. Ìyá ṣí agolo tí wọ́n ń kó bọ́tìnnì sí, wọ́n mú 20 sídì níbẹ̀, wọ́n nà án sí i. Ó já káàdì náà sílẹ̀, ó sàmì sí ojú kan, ó fọwọ́ sí i, ó kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ náà, ó dá káàdì padà sórí ìṣó, ó sì kọjá sọ́dọ̀ onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Ìgbà náà ni Ìyá ṣàlàyé fún mi. Yàrá tí wọ́n ń gbé, 500 sídì ni lóṣù. Bí owó tí wọ́n san bá tán, onílé á tún béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Accra mọ ohun tí mò ń wí. Òfin ilé gbígbé ti ọdún 1963, èyí tí wọ́n ń pè ní Act 220, kò fàyè gba onílé láti gba àsansílẹ̀ tó ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba ilé. Ṣùgbọ́n òfin wà nínú ìwé, ọdún kan tàbí ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń béèrè. Owó oṣù mẹ́rìnlélógún, ní 500 sídì lóṣù, 12,000 sídì nìyẹn.

Ìyá wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà, tí n kò sì tíì gbé sílẹ̀ títí dòní. Wọ́n ní, "Bí mo bá ń ro 12,000, oorun á dá lójú mi. N kò mọ 12,000, n kò rí i rí. Ṣùgbọ́n ogún sídì, mo mọ ogún sídì. Ìwọ tí mo fẹ́ gé ṣòkòtò fún yìí, ogún sídì ni ìwọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ ná. Mo mọ ogún sídì. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ láàárọ̀ yìí wà nínú gbólóhùn yẹn. Nǹkan ńlá kì í ṣeé gbé nítorí pé ọwọ́ wa kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ wa ni láti gé e, ká tún un gé, títí á fi di nǹkan tí ọwọ́ wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò Ìyá Aránṣọ pọ̀. Ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí káàdì súsú kan. Ọgbọ̀n jẹ́ ti ẹni tó ń dá owó, ọ̀kan jẹ́ ti alájọ, owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí káàdì kan bá kún ní 20 sídì lóòjọ́, 600 sídì ló máa bọ́ sọ́wọ́ Ìyá. Ogún káàdì bẹ́ẹ̀, 12,000 pé. Ogún káàdì jẹ́ ojú 620, ọdún méjì sì jẹ́ ọjọ́ 730. Ìyẹn ni pé 110 ọjọ́ ló ṣẹ́kù tí wọ́n lè má rí nǹkan kan dá. Àwọn Ọjọ́ Àìkú tí alájọ kì í wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀, Ìyá á san ojú méjì lọ́jọ́ kan kí àyè lè wà fún ọjọ́ òjò. Aránṣọ tó jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ ti fi bébà kan àti agolo bọ́tìnnì gé ọdún méjì sí wẹ́wẹ́.

Ohun tí Ìyá ṣe yìí, àwọn onímọ̀ ti dán irú rẹ̀ wò. Ní ọdún 1981, ọ̀mọ̀wé méjì nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Albert Bandura àti Dale Schunk, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé kan jọ tí ìṣirò ìyọkúrò kò yé, tí wọn kò sì fẹ́ràn ìṣirò rárá. Wọ́n fún wọn ní ojú ìwé 42 láti ṣe, ìjókòó méje ni wọ́n sì fi máa ṣe é. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé kí wọ́n máa ṣe ojú ìwé mẹ́fà ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé kí wọ́n rí i pé gbogbo 42 parí nígbà tí ìjókòó keje bá fi máa tán. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: mẹ́fà lọ́nà méje, 42 náà ni. Iṣẹ́ kan náà ni, ìwé kan náà ni. Síbẹ̀ àwọn tí wọ́n sọ mẹ́fà fún ló mọ ìṣirò náà jù, àwọn ló gbà jù lọ́kàn wọn pé àwọn lè ṣe é, àwọn náà ni ìṣirò wá ń wù láti ṣe láìjẹ́ pé ẹnì kan lé wọn sí i. Ẹni tó bá ń wo 42, bó ti wù kó ṣe tó lónìí, ó kù púpọ̀. Ẹni tó bá ń wo mẹ́fà, ó ti borí kó tó dìde níjòókòó.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bàbá wa tó jẹ́ àgbẹ̀ kì í wo igbó kìjikìji kó ní òun fẹ́ ro ó tán. Ebè ló ń kà. Igba ebè, igba ebè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ oko. Bí oko bá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, wọ́n á dá àáró: lónìí oko Àjàní, lọ́la oko Àkànní, títí á fi yí ká. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti owó, wọ́n á dá èésú. Àlùfáà Samuel Johnson mẹ́nu ba èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, gẹ́gẹ́ bí àṣà tó ti wà nílẹ̀ wa káàkiri. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé inú ọ̀rọ̀ wa yìí, èésú tàbí èsúsú, ni súsú tí wọ́n ń sọ ní Ghana níbí ti wá. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé e dé Trinidad, wọ́n sì ń pè é ní súsú níbẹ̀ títí dòní. Nítorí náà, bí alájọ bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín lónìí, ẹ mọ̀ pé ọmọ ilé ló wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wo káàdì yẹn dáadáa, nítorí ó ní nǹkan mẹ́rin tó ń kọ́ wa.

Àkọ́kọ́, orúkọ kan ṣoṣo ló wà lókè rẹ̀. Ìyá Aránṣọ kò kó owó ilé, owó iléèwé ọmọ àti owó ẹ̀rọ tuntun pọ̀ sórí káàdì kan. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́, kí òun ra ilẹ̀, kí òun padà sí iléèwé, kí òun sì dín ara kù, gbogbo rẹ̀ nínú oṣù kan, á dà bí ẹni tó ń lé eku mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á sì sá lọ. Ẹ mú ọ̀kan ná.

Èkejì, iye náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ burúkú kò lè borí rẹ̀. Mo bi Ìyá pé kí ló dé tí wọn kì í dá 50 sídì, ṣebí wọ́n máa ń rí i. Wọ́n ní, "Mo máa ń rí i lọ́jọ́ ọdún, ọmọ mi. Kí ni mo fẹ́ fún un lọ́jọ́ Túsìdeè tí òjò ń rọ̀?" Ẹ gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi ọjọ́ tí ara yá díwọ̀n ìgbésẹ̀ wa. Lọ́jọ́ tí a bá jẹun yó, tí ọkàn wa dùn, la máa ń ní a ó máa jí ní aago mẹ́rin, a ó máa ka wákàtí mẹ́ta. Ọjọ́ Túsìdeè olójò ni kí ẹ fi díwọ̀n.

Ẹ̀kẹta, ẹnì kan ń bọ̀ wá béèrè. Bí ojú bá ń ti Ìyá láti sọ pé kò sí, ojú yẹn wúlò. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ wá ẹnì kan tí á máa bi yín: ọ̀rẹ́, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó, ọkọ, ẹlẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.

Ẹ̀kẹrin, àmì wà. Ohun tí ẹ ti ṣe wà lára ògiri, ẹ ń rí i. Lọ́jọ́ tí ọkàn bá sọ fún yín pé ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan láyé, ẹ lè na ìka sí i kí ẹ sì kà á.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ èyí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Dansoman, owó ilé ọdún méjì ká èmi náà mọ́. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ọjọ́ náà ń bọ̀. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé bí owó ńlá bá dé, màá yọ ọ́ sọ́tọ̀. Owó kékeré ń dé lójoojúmọ́, mo ń ná an, nítorí lójú mi, kí ni 20 sídì máa ṣe nínú owó ilé? Owó ńlá kò dé. Ọjọ́ pé, mo yá owó, ọdún méjì gbáko ni mo sì fi san án pẹ̀lú èlé. Díẹ̀ tí Ẹlẹ́dàá fi ń ránṣẹ́ sí mi lójoojúmọ́ ni mo kẹ́gàn, mo jókòó ń retí àpò.

Kò mọ sórí owó nìkan. Ọmọ wa kan lè wà tó ń gbọ́ mi báyìí tó fẹ́ tún ìdánwò WASSCE ṣe gẹ́gẹ́ bí aládàáni, tí ìṣirò sì ń dẹ́rù bà á. Ọmọ mi, má wo ìwé náà lódindi. Ìbéèrè méjì lálẹ́ kí o tó sùn, èyí tó ti jáde nínú ìdánwò tó kọjá. Bí o bá ṣe é lálẹ́ ọgọ́rùn-ún, o ti ṣe igba. Igba ebè nìyẹn, oko ti ṣí.

Bàbá tó fẹ́ kọ́lé, ẹ wo àdúgbò wa yìí. Ilé tí State Housing Corporation kọ́ ní Dansoman láwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ wọn kò rí bí wọ́n ṣe kọ́ wọn mọ́. Onílé kan á kọ́kọ́ mọ ṣọ́ọ̀bù síwájú, ẹlòmíràn á fi yàrá kún ẹ̀yìn, nígbà tó bá yá, á kọ́ òkè lé e. Ẹni tó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, lónìí kó ra búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá, kó tò ó sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ìpìlẹ̀ á ní ọdún tirẹ̀, ojú fèrèsé á ní tirẹ̀, lẹ́ńtẹ̀lì á ní tirẹ̀, òrùlé á ní tirẹ̀. Bí ẹ bá dé lẹ́ńtẹ̀lì, ẹ pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá wò ó. Ayọ̀ ìdajì ọ̀nà ló ń gbé èèyàn dé òpin ọ̀nà.

Bí ohun tí ẹ fẹ́ kò bá ní owó nínú, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi í: kí ni mo lè fi ọwọ́ mi ṣe nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú? Bí ìdáhùn bá ṣì ń bà yín lẹ́rù, ẹ kò tíì gé e tó. Ẹ tún un gé.

Ó ku ibi ìdààmú. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ojú kan máa ṣófo. Nígbà tí mo tún padà sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ, mo rí i lórí káàdì tuntun pé ojú mẹ́rin ṣófo lọ́wọ́ kan náà. Wọ́n rí i pé mo ń wò ó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi obìnrin wà ní ọsibítù lọ́jọ́ mẹ́rin yẹn." Wọn kò ya káàdì náà, wọn kò sì sá fún alájọ. Wọ́n fi ìka kan ojú karùn-ún tó ní àmì, wọ́n ní, "Ibí ni mo ti padà." Ẹ̀yin tí ẹ ti fi nǹkan sílẹ̀ nítorí pé ẹ kùnà lọ́sẹ̀ kan, ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá wí. Ojú tó ṣófo kò pa káàdì. Ibi tí ẹ ti padà ni kí ẹ máa wò.

Àwọn kan nínú wa tiẹ̀ mọ òfò tó ju ojú mẹ́rin lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ọ̀fà, Inísà àti Ìlọrin wá, ọjà ni wọ́n ń ṣe. Púpọ̀ nínú wọn dé nígbà tí wọ́n kéré, wọ́n kiri ọjà lórí igbá fún mọ̀lẹ́bí, wọ́n gba owó ìbẹ̀rẹ̀ táṣẹ́rẹ́, wọ́n fi èrè kún un títí ó fi di ìsọ̀, tí ìsọ̀ fi di ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì gba ohun tí ọ̀pọ̀ wọn fi ogún ọdún kó jọ. Wọ́n dé ilé lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi igbá kan bẹ̀rẹ̀ rí mọ bí wọ́n ṣe ń fi igbá kan bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n kó jọ ló lọ, bí wọ́n ṣe kó o jọ kò lọ. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tún fi dìde.

Kí n tó dákẹ́, mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ lórí ẹni tí ẹ ń kó owó fún. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Bank of Ghana gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ owó kéékèèké 347. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kó òógùn wọn síbẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Ẹ mọ ilé alájọ yín, kí ẹ mọ ẹgbẹ́ alájọ tó wà nínú rẹ̀. Bí káàdì bá kún, ẹ gba owó yín ní gbogbo ìgbà, kí ẹ gbé e lọ síbi tó dájú. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe wàhálà ojú kọ̀ọ̀kan, pé òun á sọ ẹgbẹ̀rún kan di ẹgbẹ̀rún méjì láàárín oṣù mélòó kan, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ tó fi eré wọ̀ ọ́.

Lálẹ́ òní, mo bẹ̀ yín, ẹ wá bébà kan. Ẹ fi rúlà ya ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí i. Ẹ kọ orúkọ ohun kan ṣoṣo sókè rẹ̀, ohun tó ti ń dá oorun lójú yín. Ẹ wá kọ sábẹ́ rẹ̀ ohun kékeré tí ọwọ́ yín mọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí ẹ lè ṣe lọ́jọ́ Túsìdeè tí òjò ń rọ̀. Ẹ fi ìṣó kọ́ ọ síbi tí ojú yín á ti máa rí i bí ẹ bá jí. Ẹ fi ojú kan sílẹ̀ fún ọpẹ́, ọgbọ̀n tó kù jẹ́ tiyín.

Alájọ á kọjá lọ́la. Ẹ jẹ́ kó bá ogún sídì yín nínú agolo.